Kí O Tó Kọ Iye Àwọn Àlejò Sílẹ̀

Banjul,
ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ooru ń mú.

Ṣadé, Àṣàkẹ́ mi,

Àlejò tí kò ní ìwé ni ẹni tó ń gbé ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ìjọba ilẹ̀ náà kò sì ní àkọsílẹ̀ kankan lọ́wọ́ tó fi hàn pé ó wà níbẹ̀. Gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Kò sọ pé olè ni. Kò sọ pé ó fo ògiri wọlé. Ó lè jẹ́ pé ó gba ẹnubodè wọlé ní ọ̀sán gangan, tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ìwé rẹ̀, tí àkókò ìwé náà wá kọjá níbi tó ti ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà nígbà tó wọlé. Mo fi ìtumọ̀ yìí ṣáájú ìkíni nítorí pé "àwọn asápamọ́" lo ń pè wọ́n látòkè délẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ. Ẹni tó bá ti pe ènìyàn ní asápamọ́ ti dá ẹjọ́ rẹ̀ tán kó tó kà á.

O kú iṣẹ́ tuntun, ọmọ mi. Iṣẹ́ náà kò ní pa ọ́, kò sì ní sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. Díẹ̀díẹ̀ ni mo kà á, nítorí ojú mi kì í tètè gbà fún mi mọ́. O ní wọ́n fẹ́ kí ẹ fojú díwọ̀n iye àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní Èkó níbẹ̀, pé ọ̀gá rẹ kò fẹ́ àlàyé, iye kan ṣoṣo ló fẹ́, ó sì fẹ́ orúkọ àwọn òpópónà tí wọ́n pọ̀ sí jù lọ, kí oṣù yìí tó parí. Lẹ́yìn náà, ní ìsàlẹ̀ ìwé, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan, o kọ ọ̀rọ̀ Afí, ọmọ ilẹ̀ Tógò tó ń rán aṣọ nínú yàrá ẹnu ọ̀nà ilé yín. O ní ó ń gbé apá bùbá rẹ wọ̀n, ó wá gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé èmi náà wà nínú àwọn tí ẹ fẹ́ kà yẹn?" O ní o rẹ́rìn-ín, o sì ní kó má da ara rẹ̀ láàmú.

Àṣàkẹ́, ìbéèrè Afí yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Màá dáhùn rẹ̀ kí n tó gbé kálàmù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ṣe sùúrù fún mi. Ó rẹ̀ mí, o sì mọ̀ mí. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé bí mo bá fẹ́ sọ pé ọbẹ̀ ti jinná, oko ata ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kìíní: kí wọn kí o tó kà wọ́n. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíka ènìyàn fún ìjọba níbí, Bathurst ni gbogbo ènìyàn ṣì ń pe ìlú yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ni, orí mi gbóná. Mo lọ sí ilé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ní àdúgbò Bundung. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sórí ẹní ní ìta. Kí ó tó ní kí n jókòó, mo ti ṣí ìwé mi.

"Bàbá, ẹ̀yin mélòó lẹ̀ ń gbé ilé yìí?"

Ó wo bàtà mi, ó wo ìwé mi. "Ìyàwó, o kú ìrìn o. Ṣé àlàáfíà lo jí?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá. Mo ní ẹ̀yin mélòó..."

"Àwọn ará ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Bàbá. Ẹ̀yin mélòó lẹ̀ ń gbé ibí?"

"Èmi àti Ọlọ́run mi ni."

Nínú yàrá lẹ́yìn rẹ̀, ọmọdé kan húkọ́, ẹnì kan sì pa á lẹ́nu mọ́. Odó tó ń dún lẹ́yìnkùlé dákẹ́. Mo kọ "ẹnì kan" sílẹ̀, mo dìde. Bí mo ṣe ń lọ, bàbá náà pè mí padà: "Ìyàwó, kọ Ọlọ́run náà sí i o, kó má baà bínú pé o fo òun."

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ilé ìwé ló jẹ́ kí n gbàgbé. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń kọ́kọ́ jókòó, mo ń gba omi mu, mo ń bèèrè àwọn tó wà nílé lọ́hùn-ún. N kò sì bèèrè iye ènìyàn mọ́. Mo ń bèèrè iye àwo tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí. Ìyẹn náà kò gbè mí, nítorí pé àwọn ènìyàn wa ti kọ́ oúnjẹ jíjẹ àwọn Wolof, wọ́n á da gbogbo ìrẹsì sínú ọpọ́n ńlá kan, gbogbo ilé á sì yí i ká. Ilé tó kún fọ́fọ́ á dá mi lóhùn pé, "Àwo kan ni." Ìgbà tí mo bèèrè iye ẹní tí wọ́n ń tẹ́ ni mo tó rí òótọ́. Kò sí ẹni tó máa ń fi ẹní pamọ́. N kò mọ ohun tó dúró fún ẹní ní Èkó ti ìsinsìnyí. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀. Wá a fúnra rẹ.

Ohun kejì ni ọ̀nà ìṣirò náà. O kọ́ ọ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ara mi. Ká ní o fẹ́ mọ iye adìyẹ tó wà nínú agboolé ńlá kan tí o kò lè wọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Lónìí, o da àgbàdo sílẹ̀, gbogbo èyí tí ọwọ́ rẹ bá tẹ̀, o so òwú pupa mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, o tú wọn sílẹ̀. Lọ́la, o tún mú àwọn kan ní ibòmíràn nínú agboolé náà. Bí ìdajì àwọn tí o mú lọ́la bá ní òwú lẹ́sẹ̀, a jẹ́ pé àwọn tí o so lónìí tó ìdajì gbogbo adìyẹ ilé náà. O ti rí iye wọn, o kò sì wọ yàrá ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe ń ka ènìyàn tí kò sí nínú ìwé nìyẹn: àkọsílẹ̀ kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, ká wá wo iye àwọn tó wà nínú méjèèjì.

Ohun méjì ló máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́, ibi tí ọ̀kan bá fà á sí kọ́ ni èkejì ń fà á sí. Bó bá jẹ́ pé àwọn adìyẹ tó fẹ́ràn ènìyàn nìkan ló ń wá jẹ àgbàdo lónìí àti lọ́la, òwú á pọ̀ lójú rẹ, wàá sì rò pé adìyẹ ilé náà kò tó nǹkan. Àwọn tí wàá fò ni irú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ òru ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Kanifing níbí. Wọn kì í wá ìpàdé, wọn kì í sì jí ní ọ̀sán láti ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí òwú bá ń já bọ́ lẹ́sẹ̀ adìyẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, wàá rí èyí tí o ti so lánàá, wàá pè é ní tuntun. Wàá wá rò pé adìyẹ pọ̀ bí eṣú. Èkejì yìí ló mú mi.

O mọ ìparí ìtàn yìí, nítorí o wà níbẹ̀. O kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ́fíìsì wa fẹ́ mọ iye àwọn ènìyàn wa tí kò ní ìwé ní Serekunda, Bundung àti Kanifing. Ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin ni mo ti ṣe àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni mo ti ṣe èkejì. À ń lọ bá wọn nílé nígbà tí ọkọ wọn ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, a sì ń bi wọ́n léèrè ẹni tó ń gbé ilé. Kí n má baà ṣojúsàájú, mo ní kí ẹnì kejì mi níbi iṣẹ́ wá ka ilé tiwa náà. Nígbà tí mo wá fi àkọsílẹ̀ méjèèjì wéra, àwọn orúkọ tó bára mu kò tó nǹkan. Ìṣirò òwú adìyẹ wá bí iye kan tó pọ̀ bí yanrìn etí òkun.

Inú mi dùn. Ọmọ mi, iye ńlá máa ń dùn lẹ́nu ẹni tó kọ́kọ́ rí i. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi ní ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ ìdílé Aku àtijọ́ kan ni, àwọn tí wọ́n dá baba ńlá wọn sílẹ̀ lóko ẹrú sí ìlú yìí, ènìyàn jẹ́jẹ́. Ó wò ó títí.

"Madam, gbogbo wọn yìí?"

"Gbogbo wọn, sà."

"Níbo ni wọ́n ń sùn?"

Èmi tí mo ń bèèrè ẹní káàkiri ló yẹ kí n ti bi ara mi ní ìbéèrè yẹn. Mo ní bí ìṣirò ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo ń ro ọkà ní ẹ̀yìn ilé. Àbúrò bàbá rẹ ń gbé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Mo pè é pé, "Akọ̀wé! Ẹ máa bọ̀ wá jẹun o!" Ó jẹ́ mi lóhùn. Ọwọ́ mi dúró lórí omorogùn.

Akọ̀wé kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Láyíwọlá ló ń jẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó di ìyàwó ilé náà, ọkọ mi ni, n kò lè la orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé ni mo ti sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Nígbà tí wọ́n wá ka ilé tiwa, kí ni mo sọ pé ó ń jẹ́? Akọ̀wé. Kí ni òun fúnra rẹ̀ kọ ní ìpàdé ẹgbẹ́? Láyíwọlá. Ènìyàn kan, mo ti sọ ọ́ di méjì.

Mo fi ọkà sílẹ̀, mo wọlé lọ wo àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin. Adúmáadán. Eyínafẹ́. Ìbàdí-Àrán. Bàbá Kékeré. Gíwá. Ìdílé Gíwá ni mo rò pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Bundung! Gbogbo ìyàwó ilé, nítorí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní, ni kò dárúkọ àwọn ará ilé ọkọ wọn fún mi. Ìwà rere ló tú gbogbo òwú mi. Èmi náà sì ń ṣe é lójoojúmọ́ nínú ilé mi, n kò rí i.

"Ìyàwó wa, ọkà ń jóná o!" Láyíwọlá ló ń pariwo láti ẹ̀yìn.

"Ẹ jẹ́ kó jóná. Ẹ̀yin méjì lẹ wà nínú ìwé mi."

"Èmi méjì? Ó dáa, èwo nínú àwa méjèèjì ni kó wá jẹun?"

Mo padà sí gbogbo ilé wọ̀nyẹn. Mo ń bèèrè lọ́wọ́ ìyàwó kọ̀ọ̀kan pé, "Kí ni ìyá tó bí i ń pè é?" Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ti ọmọ síwájú kó bá wọn dárúkọ. Iye náà rọ̀ wálẹ̀ bí ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ jò. Mo gbé tuntun lọ fún ọ̀gá mi, ó gbà á, kò bínú, ó fa iye ti àkọ́kọ́ yẹn ya. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ti jáde nílé. Ẹni tó bá wa fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ ti sọ fún dẹ́rẹ́bà, dẹ́rẹ́bà ti sọ ọ́ nínú ọkọ̀, ó ti dé ọjà Serekunda pé, "Wọ́n ti kà wá, a pọ̀ ju onílẹ̀ lọ, wọ́n ń bọ̀ wá kó wa."

Ìwọ lo bá Ìyá Ràlíà, tó ń tajà ní ọjà náà, di okùn mú nígbà tó ń so àwọn abọ́ tánganran rẹ̀ láti sá lọ. Irun tó bá ọ dì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ṣì wà lórí rẹ. Bóyá o kò gbọ́ gbogbo ohun tí a sọ.

Mo ní, "Ìyá Ràlíà, ẹ dákun, iye yẹn kì í ṣe òótọ́. Mo ti tún un ṣe."

"Ta lo tún un ṣe fún, Ìyá Ṣadé?"

"Fún ọ́fíìsì."

"Ọjà kò ka ìwé ọ́fíìsì." Kò dáwọ́ dúró. "Bi ara rẹ ní nǹkan kan fún mi. Orúkọ mi wà níbẹ̀, àbí kò sí níbẹ̀?"

Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé mi, nínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Ó wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Kaolack, ní òdìkejì ẹnubodè, láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sí ẹni tó wá kó ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó tilẹ̀ gbèrò rẹ̀. Ẹni tó ń ta obì ló gba ìsọ̀ rẹ̀, Ìyá Ràlíà kò sì padà mọ́. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Ẹni tó bá ń gbé ilẹ̀ onílẹ̀ báyìí, kò dìgbà tí a bá lé e. Bí a bá mi okùn lásán, ó ti fò nìyẹn.

Mo dìde lọ mu omi, mo dé, n kò mọ iye kókó tí mo ti kà mọ́. Èmi onímọ̀ ìṣirò. Jẹ́ kí n kàn máa bọ̀ bó bá ṣe ń wá.

Orúkọ àwọn tí ìwọ fẹ́ kà máa gbé ìdààmú tirẹ̀ wá, òdìkejì tiwa sì ni. Àwọn ará Tógò ń sọ ọmọ ní orúkọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí ní ọjọ́ Ẹtì, Afí ni. Mélòó ni Afí tó wà ní òpópónà kan? Àwa sọ ẹnì kan di púpọ̀, ìwọ lè sọ púpọ̀ di ẹnì kan. Má fi orúkọ kan ṣoṣo dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Bèèrè èyí tí ìyá rẹ̀ ń pè é, èyí tí wọ́n ń pè é nílé tó ń gbé, àti èyí tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é.

Má fún ọ̀gá rẹ ní iye kan ṣoṣo. Sọ fún un pé, "Sà, wọn kò lè kéré sí báyìí, wọn kò sì lè ju báyìí lọ." Bó bá fi dandan lé e, kọ iye àárín, kí o sì kọ ìpẹ̀kun méjèèjì sórí ìlà kan náà. Má kọ wọ́n sí ìsàlẹ̀ ìwé. Mo ti rí i tó, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fò bí wọ́n bá ń da ìwé kọ. Kí o tó gbé e lọ, bi ara rẹ ní ìbéèrè ọ̀gá mi ọjọ́sí: níbo ni wọ́n ń sùn? Bí o kò bá rí ẹní tó tó wọn, iye náà kò tọ̀nà.

Títí iye náà yóò fi dúró, má jẹ́ kó jáde lẹ́nu rẹ, kódà níbi oúnjẹ ọ̀sán. Ẹyin lohùn. Ẹni tó bá ọ tẹ̀ ẹ́ náà ní ẹnu.

Ti òpópónà ńkọ́? Má kọ ọ́. Ẹni tó bá bèèrè iye ń wá ìmọ̀, ẹni tó bá bèèrè òpópónà ń wá ènìyàn. Sọ fún un pé ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe ìṣirò náà kò lè sọ ti òpópónà kọ̀ọ̀kan, pé gbogbo ìlú lápapọ̀ ló lè sọ. Irọ́ kọ́. Òwú adìyẹ kì í sọ yàrá tí adìyẹ sùn sí. Bó bá ní òun á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ, jẹ́ kó gbà á. Ibùsùn rẹ ṣì wà níbí. N kò fẹ́ kó di bẹ́ẹ̀, nítorí mo mọ bí o ṣe wá iṣẹ́ yìí tó. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà débi tí mo mọ èyí tó ń rẹ ènìyàn jù, nínú àìníṣẹ́ àti kí ènìyàn máa gba ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ kan kọjá kó máa gbójú sápá kan.

Máa jẹun. O máa ń gbàgbé oúnjẹ bí ìṣirò bá há, èmi lo fi jọ.

Ó ku Afí. Má rẹ́rìn-ín sí i mọ́. Ènìyàn tó bi ọ́ bóyá òun wà nínú rẹ̀ kò pa àwàdà. Sọ fún un pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, o wà nínú iye, nítorí pé o wà láyé, ẹni tó wà kò sì yẹ ká ṣe bí ẹni pé kò sí. Ṣùgbọ́n o kò ní sí nínú orúkọ." Ohun tó yẹ kí n lè sọ fún Ìyá Ràlíà nìyẹn. Kí o tó lè sọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́.

Nítorí náà, ohun tí wàá ṣe nìyí. Nígbà tí o bá ti ṣe àkọsílẹ̀ méjèèjì tán, fi wọ́n wéra fúnra rẹ. Fi nọ́ńbà rọ́pò ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀ lé e, kí o tó jáde nílé, kan ilẹ̀kùn Afí, kí o yá àlùmọ́gàjí rẹ̀, èyí tó mú jù. Ní ọ́fíìsì, kí ọ̀gá rẹ tó dé, gé apá tí orúkọ àti ilé wà kúrò lára gbogbo ojú ìwé, má ṣẹ́ ọ̀kan kù, kí o sì sun ún títí yóò fi di eérú. Bí o bá darí dé ní ìrọ̀lẹ́, dá àlùmọ́gàjí náà padà fún un, kí o sì sọ ohun tí o fi gé fún un.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.